Ọyẹ́ ń bọ̀ o: báwo lẹ ṣe ń múra ọgbà ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé yín sílẹ̀ ní Ifẹ̀ àti Iléṣà?

Àdùkẹ́_Parakin
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ kú òjò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò ti ń palẹ̀ mọ́. Lánàá níbí, ó kàn ta sílẹ̀ ni, kò rin ilẹ̀. Kí a tó mọ̀, oṣù Bélú á wọlé, ọyẹ́ á sì tẹ̀ lé e.

Ẹ̀yìnkùlé mi kò tóbi, bóyá bíi yàrá méjì àti pálọ̀. Tẹ̀tẹ̀ wà níbẹ̀, ṣọkọ wà, ewédú wà, ata rodo díẹ̀, ewúro lẹ́bàá ògiri, ùgwú sì ti gun fẹ́ǹsì dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò. Ní gbogbo ìgbà òjò, n kì í ra ẹ̀fọ́. Ẹ̀ẹ̀rùn ló ń dójú tì mí. Lọ́dún tó kọjá, kí a tó jẹ Kérésì tán, kò sí ewé kan tó ṣeé jù sínú ìkòkò mọ́. Ewédú kò ga dé orúnkún tó fi yọ òdòdó tó sì so. Tẹ̀tẹ̀ náà gbó sórí ebè. Bàbá Ìbejì ní kí n yéé ṣe ara mi léṣe, kí n máa gbé owó lọ Ọjà Tuntun bí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi.

Mi ò gbà. Kí ni kí n ṣe nísinsìnyí tí ilẹ̀ ṣì tutù, tí a ó fi máa rí ẹ̀fọ́ já títí di oṣù Èrèlé? Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí ẹ ti fi ọwọ́ ara yín ṣe rí ni kí ẹ sọ fún mi. Mo ti wo fídíò tó o.

Bàbá_Mòóró
Ìyàwó wa, o kú iṣẹ́. Ìbéèrè oṣù Ọ̀wàrà gan-an lo béèrè yẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í béèrè àfìgbà tí ewé bá ti rọ.

Kí o tó gbé ọkọ́, lọ wo kànga yín. Omi ló ń sọ bí ọgbà ẹ̀ẹ̀rùn ṣe máa tóbi tó, kì í ṣe ilẹ̀. Báyìí ni mo ṣe máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ tó ń wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi: tí òjò mìlímítà 1 bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà 1 tó sì gùn ní mítà 1, lítà omi 1 ló rọ̀ síbẹ̀ yẹn. Nígbà tí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn àti afẹ́fẹ́ ọyẹ́ bá dáwọ́ jọ lé ilẹ̀ níbí, tí ẹ̀fọ́ sì ti kún orí rẹ̀, wọ́n lè fa bíi lítà 4 sí 5 jáde lójúmọ́ nínú ìwọ̀n ilẹ̀ kékeré yẹn. Ìwọ lo máa dá a padà. Nítorí náà, kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan, ebè tó fẹ̀ ní mítà 1 tó gùn ní mítà 5 ló lè bọ́. Ebè kan ṣoṣo o, lójúmọ́ kan.

Wá ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú omi oṣù Èrèlé. Má ṣe ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó wà nínú kànga lónìí, torí lónìí kànga gbogbo ilé ló kún. Iye ebè tí omi Èrèlé bá lè gbé ni kí o gbìn. Èyí tó kù, kó koríko bò ó, kó máa sinmi de òjò àkọ́rọ̀.

Àdùkẹ́_Parakin
Ẹ ṣé o, Bàbá. Ilé mẹ́ta ló ń fa kànga yìí. Ní Èrèlé, ẹni tó bá jí ní ìdájí ló ń rí omi tó mọ́. Ẹni tó bá dé ní ọ̀sán, ẹrẹ̀ ló máa fà. Tí mo bá pọn ti ilé tán, kẹ́ẹ̀gì méjì ni mo lè rí fún ẹ̀fọ́, ìyẹn gan-an, màá bá ènìyàn jà. Ṣé ebè méjì péré lẹ ń sọ fún mi yìí?

Bàbá_Mòóró
Ebè méjì tó tutù sàn ju mẹ́jọ tó ń gbẹ lọ. Ata àti ewúro kò sí nínú ìṣirò yẹn, gbòǹgbò tiwọn jìn, wọn kò ní kí o wá lójoojúmọ́. Omi tí ẹ fi ṣan ìrẹsì, tí ẹ fi ṣan ẹ̀fọ́, omi tí ẹ fi ṣan aṣọ kẹ́yìn, ẹ máa dà á sí ìdí wọn. Èyí tí bílíìsì bá ti wọ̀, ẹ gbé e jìnnà sí ọgbà.

Ọmọ_Ọbòkun
Bọ́lọ́rundúró, Iléṣà. Mo kí gbogbo ilé.

Nǹkan kan wà tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ: ẹ tú ebè yẹn palẹ̀. Ti òjò ni ebè gíga, a ń kọ ọ́ kí omi má baà dúró sí ìdí ẹ̀fọ́. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, afẹ́fẹ́ á gba ọ̀tún gba òsì ara rẹ̀, á gbẹ kí o tó yí ẹ̀yìn padà. Èmi a máa gbẹ́ ibi tí mo fẹ́ gbìn sí wọ ilẹ̀ díẹ̀, kó jìn tó ọrùn ọwọ́, màá wá fi erùpẹ̀ tí mo gbẹ́ jáde ṣe etí yí i ká. Omi tí mo bá dà sínú rẹ̀ kò ní ibi tó máa ṣàn gbà, ibẹ̀ náà ni ilẹ̀ á ti mu ún.

Ilẹ̀ tó kù tí koríko ti bò, ẹ ṣán an, tó bá gbẹ kí ẹ sọ iná sí i. Eérú rẹ̀ dára fún ilẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n_Lágéré
Ẹ̀yin Ìjèṣà! Wọ́n ti kì yín tẹ́lẹ̀ pé ẹ kì í rídìí ìṣáná, ilé lẹ ti ń múná roko. Ẹ jọ̀ọ́, lọ́dún yìí, ẹ fi iná náà sílẹ̀ nílé.

Koríko tí ẹ fẹ́ sun yẹn gan-an la ń wá kiri láti fi bo ojú ilẹ̀. Iná á jó ohun tí ì bá jẹrà di ilẹ̀ dúdú, nitrogen inú rẹ̀, oúnjẹ tó ń mú ewé dàgbà, á bá èéfín lọ, ìwọ̀nba eérú tó bá kù, òjò ńlá àkọ́kọ́ á gbá a sínú gọ́tà. Ẹni wo ló tún ń sọ iná sí ẹ̀yìnkùlé nígbà ọyẹ́, tí gbogbo ewé ti gbẹ, tí afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́? Ẹ lọ bi àwọn olóko kòkó léèrè bí iná ṣe ń rìn ní oṣù Ṣẹ́rẹ́.

Ọmọ_Ọbòkun
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín ná 😂. Mo gbọ́, màá fi iná sílé. Ṣùgbọ́n ẹ má purọ́ mọ́ eérú. Èèpo kòkó tí àwọn ìyá wa ń sun láti fi ṣe ọṣẹ dúdú, eérú rẹ̀ kún fún pọ́tásì. Ata mi mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀gbọ́n_Lágéré
N ò bá yín jà lórí ìyẹn. Eérú inú àdògán ti tó, ẹ bu ìwọ̀nba sí ìdí ata kí ẹ sì fi ọkọ́ rò ó mọ́ ilẹ̀. Tó bá pọ̀ jù, á ta gbòǹgbò. Ẹ má sì dà á pọ̀ mọ́ ìgbẹ́ adìẹ láéláé. Òórùn tó máa sọ sókè tó máa ta yín nímú yẹn, agbára ajílẹ̀ náà ló ń sá lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́_Àgírìkì
Ẹ káàsán mà, ẹ káàsán sà. Mo ń kọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ níbí. Ọ̀rọ̀ ewédú tí Ìyá Ìbejì sọ ni mo fẹ́ fèsì sí, torí kì í ṣe àìsí omi nìkan ló mú un so.

Ewédú ń ka ojúmọmọ. Ní Ifẹ̀ níbí, nígbà tí ojúmọmọ bá gùn jù lọ lọ́dún, ní oṣù Òkúdu, ó ń tó wákàtí 12 ààbọ̀. Tó bá fi máa di òpin ọdún, ó ti já wá sí nǹkan bíi wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú 40. Àwa èèyàn kì í tilẹ̀ fura. Ewédú máa ń fura. Bí ojúmọmọ bá ti kúrú, ó ti gbà pé àkókò àtiso dé nìyẹn, ó ga o, kò ga o. Ṣọkọ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tí ilẹ̀ bá tún wá gbẹ mọ́ ọn, á túbọ̀ yára. Omi àti ajílẹ̀ lè dá a dúró díẹ̀, wọn kò lè yí i lọ́kàn padà.

Nítorí náà mà, ẹ má retí pé ẹ ó máa rẹ́ ẹ lórí, kó tún máa yọ, bíi ti ìgbà òjò. Ẹ gbìn ín kó há, ẹ fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò kó tó rántí òdòdó, kí ẹ tún gbin òmíràn sí ojú rẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ ní tiẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 ó ti tó fà. Tí ẹ bá ń fọ́n ìdajì ebè lónìí, tí ẹ sì fọ́n ìdajì kejì ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i, kò ní sí ìgbà tí ọwọ́ yín máa ṣófo.

Ìyá_Àkùrọ̀
Akẹ́kọ̀ọ́, o ṣeun, owó ilé-ìwé rẹ kò lọ lásán. Èmi ò mọ wákàtí kankan, ṣùgbọ́n ohun tí o sọ yẹn la ń ṣe láti ayé àwọn ìyá wa. Àkùrọ̀ ni mo ń dá lẹ́yìn Iléṣà. Ewédú tí ẹ ń rà nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ yẹ ìdí rẹ̀ wò, ẹ ó rí gbòǹgbò níbẹ̀. Ti òjò la máa ń fi ọ̀bẹ gé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ráhùn pé irúgbìn ewédú kì í hù, èèpo rẹ̀ ló le. Ẹ di í sínú aṣọ fẹ́lẹ́. Ẹ se omi kó hó dáadáa, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ ti aṣọ náà bọ̀ ọ́. Ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, títí dé ẹ̀wá, kí ẹ yọ ọ́, kí ẹ rì í sínú omi tútù lójú ẹsẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sí ibòji kó fẹ́, kó má baà lẹ̀ mọ́ra, kí ẹ tó fọ́n ọn. Tí aago bá pè yín lákòókò yẹn, ẹ má gbé e o. Tí ẹ bá gbàgbé ewédú sínú omi gbígbóná, ẹ ti sè é nìyẹn.

Tẹ̀tẹ̀ kò fẹ́ omi gbígbóná. Yanrìn gbígbẹ ni kí ẹ pò ó mọ́, kí yanrìn náà pọ̀ ju irúgbìn lọ dáadáa. Bí ẹ bá fọ́n ọn lásán, ibì kan á há, ibì kan á pá. Tí ẹ bá fọ́n ọn tán, ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ tútù bò ó, kí ìṣàn omi má baà kó irúgbìn jọ sójú kan. Ọjọ́ tí ẹ bá rí i tó yọ orí pupa wẹ́wẹ́ láàárín imọ̀, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni kí ẹ ká imọ̀ kúrò. Tí ẹ bá ká a ní ọ̀sán, oòrùn á pa á.

Àdùkẹ́_Parakin
Mà, ẹ ṣé gan-an. Èyí tí ẹ sọ nípa ìrọ̀lẹ́ yẹn, kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún mi rí.

Ọmọ_Iléṣà_Kánádà
Ẹ jẹ́ kí n dá sí i láti ọ̀nà jíjìn. Winnipeg ni mo wà, ọmọ Iléṣà ni mí, mo sì ní ọgbà kékeré lẹ́yìn ilé.

Ọ̀rọ̀ ojúmọmọ tí akẹ́kọ̀ọ́ wa sọ, òdì kejì rẹ̀ ni mo ń rí níbí. Ní oṣù Òkúdu, ojúmọmọ wa ju wákàtí 16 lọ. Ewédú mi ga dé àyà mi, kò yọ òdòdó kan. Ìrì dídì ló ń pa á. Ní bí oṣù Ọwẹ́wẹ̀ bá ti ń parí lọ ló sáàbà máa ń kọ́kọ́ bọ́, lóru ọjọ́ kan. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ewédú, tòmátì, ata, gbogbo wọn á ti dúdú, wọ́n á rọ bí ohun tí wọ́n da omi gbígbóná lé lórí.

Ìmúra tiwa nìyí. Ata rodo ti wà nínú ìkòkò tẹ́lẹ̀, màá gbé e wọlé. Tòmátì tí kò tíì pọ́n, màá ká a, á pọ́n nínú ilé. Ìtàkùn tí àrùn ti wọ̀, n kì í jù ú sí ààtàn tí mo fi ń ṣe ajílẹ̀, màá kó o dànù ni, torí àrùn náà lè dúró de ọdún tó ń bọ̀. Mo máa ń fa omi kúrò nínú rọ́bà ìbomirin pátápátá, torí omi tó bá dì nínú rẹ̀ á fọ́ ọ. Aáyù nìkan la ń gbìn nígbà tí gbogbo nǹkan ń kú: oṣù Ọ̀wàrà la ń rì í, a ó kó koríko gbígbẹ bò ó nípọn, á sùn sábẹ́ yìnyín, ó di oṣù Agẹmọ kí a tó wú u. Ẹ̀fọ́ kan sì wà tí wọ́n ń pè ní kéèlì, tí ìrì dídì bá bọ́ lù ú ló ń dùn, torí ó ń yí ohun tó wà lára rẹ̀ di ṣúgà kó má baà dì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa ti pàdé ni pé a kì í fi ojú ilẹ̀ sílẹ̀ lásán. Ewé tí igi bá wọ́ sílẹ̀, èmi a kó gbogbo rẹ̀ sórí ebè. Tiwa, nítorí òtútù ni. Tiyín, nítorí oòrùn.

Ìyá_Àkùrọ̀
Ẹ̀fọ́ tó ń sùn sábẹ́ yìnyín! Ọmọ mi, o kú ìfaradà o. Ṣé ẹ ń rí iyán jẹ níbẹ̀?

Ọmọ_Iléṣà_Kánádà
Pándó ni, mà. Ẹ má jẹ́ kí n sunkún.

Ẹ̀gbọ́n_Lágéré
Ọ̀rọ̀ bíbo ilẹ̀ ti ń lọ dáadáa, àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ikán, torí Ifẹ̀ la wà. Tí ẹ bá kó igi gbígbẹ àti imọ̀ tó ti gbẹ wáwá sórí ilẹ̀ gbígbẹ, ilé lẹ kọ́ fún ikán yẹn. Koríko tútù, ewé tútù, èyí tó máa tètè jẹrà, ni kí ẹ lò. Ẹ fi àyè bí ìbú ọwọ́ kan sílẹ̀ ní ìdí ata àti tòmátì, kí ohun tí ẹ fi bolẹ̀ má kàn án. Kí ẹ tó bò ó ni kí ẹ bomi rin ilẹ̀. Bí ẹ bá bo ilẹ̀ tó ti gbẹ, gbígbẹ náà lẹ bò mọ́ ọn. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí òjò ìkẹyìn tó lọ ni kí ẹ ti ṣe é.

Ìkejì, tata. Kì í ṣe gbogbo tata o, èyí tí ọmọ rẹ̀ dúdú, tó ní àmì yẹ́lò lára, tó ń rọ́ jọ sórí ewé Akíntọ́lá ni mò ń sọ. Ilẹ̀ ni ẹyin rẹ̀ wà láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń wọlé ló ń pa. Tó bá ti gún ìyẹ́ tán, ata, ẹ̀fọ́, ewé ẹ̀gẹ́, kò sí èyí tó máa fi sílẹ̀. Nígbà tó ṣì kéré, wọ́n á gun orí ewé kan ṣoṣo, bíi ogún, ọgbọ̀n. Ẹ lọ bá wọn ní ìdájí, kí oòrùn tó yọ. Òtútù á ti mú wọn, wọn kò ní lè fò. Ẹ gbọn ewé náà sínú garawa tí ẹ ti bu omi ọṣẹ sí. Ẹ ṣán Akíntọ́lá tó bá wà lẹ́bàá fẹ́ǹsì kúrò kó tó di Bélú.

Ìkẹta, ewúrẹ́. Ìyẹn, ẹ lọ ra àwọ̀n.

Ọmọ_Ọbòkun
Ewúrẹ́ àdúgbò wa mọ ìgbà tí mò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Bàbá_Mòóró
Ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ kù. Bí o bá fẹ́ lo ìgbẹ́ adìẹ ní oṣù Bélú, òní ni kí o lọ kó o. Tí o bá kó o tútù sórí ebè, á jó ẹ̀fọ́, pàápàá nínú ẹ̀ẹ̀rùn tí kò sí òjò tó máa fọ̀ ọ́ wọlẹ̀. Kó o jọ sí kọ̀rọ̀, wọ́n omi díẹ̀ sí i, fi ọ̀rá tàbí àpò bò ó. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, ti ọwọ́ bọ àárín rẹ̀, wàá rí i pé ó gbóná. Tú u, dà á pọ̀, tún bò ó. Máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí o bá tọwọ́ bọ̀ ọ́ tí kò gbóná mọ́, tí òórùn rẹ̀ ti di òórùn ilẹ̀, ó ti tó lò. Bí oṣù kan sí méjì ló máa gbà. Rò ó mọ́ ilẹ̀ kí o tó fọ́n irúgbìn, má kàn wọ́n ọn sójú ewé.

Àdùkẹ́_Parakin
Tòmátì ńkọ́? Ẹnìkan ní kí n má dán an wò, pé kì í ṣe nǹkan ẹ̀yìnkùlé.

Akẹ́kọ̀ọ́_Àgírìkì
Mà, ẹ̀ẹ̀rùn ni tòmátì fẹ́ràn jù, tí omi bá ti wà. Nínú òjò, ewé rẹ̀ kì í gbẹ, àrùn á máa jẹ ẹ́. Ọyẹ́ tún ń ràn án lọ́wọ́, torí tí òru bá gbóná jù, òdòdó rẹ̀ ń já bọ́ láìso. Ẹ wo àwọn ará Kano àti Kaduna, ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń fi omi ìbomirin gbin èyí tí ọkọ̀ ń kó wá fún wa. Ọdún 2016 tí tòmátì gbówó lórí, tí àwọn èèyàn ń pè é ní Ẹ̀bólà tòmátì, kòkòrò kékeré kan tó ń jẹ́ Tuta absoluta ló wọ oko wọn.

Ẹ fọ́n ọn sínú ike láàárín Ọ̀wàrà yìí, sábẹ́ ibòji. Ní bí ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 ẹ lè lọ́ ọ sí ojú ilẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́. Ìdí ni kí ẹ máa da omi sí, ẹ má dà á lé ewé. Igi mẹ́rin tàbí márùn-ún péré, mà. Ẹ rántí kẹ́ẹ̀gì méjì yín.

Tí ẹ bá fẹ́ irúgbìn tó dájú, NIHORT, iléeṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn èso àti ẹ̀fọ́ ti ìjọba àpapọ̀, ti wà ní Ìbàdàn láti 1975. Iṣẹ́ wọn ni.

Ẹ̀gbọ́n_Lágéré
Tí ewé tòmátì tàbí ata bá ń pọ́n, ẹ yí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò. Bí ẹ bá rí àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ bí àmì bíírò pupa tó ń rìn, tí òwú fẹ́lẹ́ ta sáàárín ewé, ẹ̀ẹ̀rùn ló kó wọn dé, eruku ọyẹ́ sì bá wọn lára mu. Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ fi fọ ìsàlẹ̀ ewé náà ní àárọ̀. Tí wọn kò bá lọ, ẹ gún ewé dógóyárò, ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ kán ọṣẹ díẹ̀ sí i, ẹ fọ́n ọn ní ìrọ̀lẹ́.

Ìyá_Àkùrọ̀
Ẹ̀yin tí ẹ bá ń gbèrò láti lọ pọn omi odò nígbà tí kànga bá gbẹ, ẹ wo odò náà dáadáa. Lọ́dọ̀ wa ní ilẹ̀ Ìjèṣà, àwọn tó ń wa wúrà ti sọ odò púpọ̀ di ẹrẹ̀. Gbogbo wa la rí ohun tí ojú Ọ̀ṣun dà. Àwọn awawúrà kan ń lo mẹ́kúrì, irin olómi tó jẹ́ májèlé, láti fi mú wúrà, ìyẹn kò ṣeé sè kúrò nínú ewé. Mo ti pa apá kan àkùrọ̀ mi tì nítorí èyí. Kànga ni mo gbẹ́ sí apá òkè, òun ni mò ń fà.

Ọmọ_Ọbòkun
Òótọ́ ni mà. Ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ti ọgbà ẹ̀fọ́, ẹ jẹ́ ká wá ojú rẹ̀ sọ lọ́tọ̀. Mo máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́la.

Àdùkẹ́_Parakin
Mo ti jókòó, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ebè méjì tó wọ ilẹ̀: ọ̀kan fún tẹ̀tẹ̀ ní ìdajì-ìdajì, ọ̀kan fún ewédú àti ṣọkọ tí màá máa fà tu. Tòmátì mẹ́rin. Ata àti ewúro, omi ìṣanṣọ. Gbogbo ibi tó kù, koríko. Mo ti bá ọmọkùnrin kan sọ̀rọ̀ nípa ìgbẹ́ adìẹ, ó ní òun á fi bárò gbé e wá. Bàbá Ìbejì ń wò mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú.

Ìbéèrè méjì ló kù. Ibì kan wà lẹ́yìn balùwẹ̀ tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà, kì í rí oòrùn, kì í sì í gbẹ. Kí ló lè hù níbẹ̀? Ùgwú orí fẹ́ǹsì ńkọ́, ṣé kí n máa bomi rin ín?

Ìyá_Àkùrọ̀
Wọ̀rọ̀wọ́! Ibòji ló ń fẹ́, abẹ́ kòkó àti abẹ́ obì la ti ń bá a nílé wa. Igi rẹ̀ la ń gé gbìn. Tí omi ọṣẹ balùwẹ̀ bá ń ṣàn gba ibẹ̀, ẹ kọ́kọ́ la ojú rẹ̀ síbòmíràn. Mò ń bọ̀ ní Ifẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá di díẹ̀ sínú àpò fún yín. N kì í gbowó wọ̀rọ̀wọ́, ṣùgbọ́n tí ẹ bá rí irúgbìn ṣọkọ tó pupa, ẹ bá mi wá a.

Bàbá_Mòóró
Ùgwú: má bá a fi omi ṣòfò. Mọ èyí tó jẹ́ abo ná, òun ló ní ewé tó gbòòrò, òun ló sì ń so. Já ewé rẹ̀ jẹ títí Bélú á fi parí, lẹ́yìn náà gé e kó kù bí ìgbọ̀nwọ́ kan sórí ilẹ̀, kó koríko bo ìdí rẹ̀ nípọn, máa da omi ìṣanrẹsì sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí gbòǹgbò má baà kú. Tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ ní Ẹrẹ́nà, á tún yọ.

Àdùkẹ́_Parakin
Ẹ ṣé, Bàbá. Mo lọ wò ó báyìí. Èyí tó jẹ́ abo ni èyí tó gun fẹ́ǹsì lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò, wọ́n sì ti já gbogbo ewé apá ọ̀hún tà.